Ilé Kúdẹtì: Ohun Tí Ìgbé Ayé Tọkọtaya Hinderer n'Íbàdàn Lè Kọ́ Ìdílé Tó Ń Lọ sí Ilẹ̀ Òkèèrè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìbéèrè tí àwọn ìdílé tó ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní ilẹ̀ òkèèrè máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Kí la máa kó dání?" Wọn a ní ká ka oògùn fún wọn, ká ka aṣọ, ká ka ìwé àwọn ọmọ. Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dí, tí kọ́bọ̀ kò lè ti ilé wá mọ́, ta ni ẹ máa lọ ra iṣu láwìn lọ́wọ́ rẹ̀?

Ilé kan wà ní Kúdẹtì, n'Íbàdàn, tó dáhùn ìbéèrè yìí kí wọ́n tó bí àwọn baba ńlá wa. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ orúkọ Hinderer rí. Ohun tí a máa ń gbọ́ nípa wọn ni pé òyìnbó dé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń san owó alárù, ohun tó wó lé wọn lórí àti ohun tó gbé wọn ró, àwọn èèyàn kì í sọ ìyẹn. Òun la fẹ́ sọ lónìí.

David Hinderer, ọmọ Württemberg ní ilẹ̀ Jámánì ni, àmọ́ CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ti London, ló rán an. Ó ti wọ Ìbàdàn ní ọdún 1851, ó gbé ibẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó rí i pé àwọn ìjòyè kò lé òun, ló bá padà sí England. Oṣù Kẹwàá ọdún 1852 ló gbé Anna Martin níyàwó. Ọmọ Norfolk ni Anna, ọdún 1827 ni wọ́n bí i, ìyá rẹ̀ sì ti kú nígbà tó wà ní kékeré. Oṣù Kìíní 1853 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó, oṣù Kẹrin ni wọ́n wọ Ìbàdàn. Olúgbòdé ni Baálẹ̀ nígbà náà, Ìbíkúnlé ni Balógun. Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹ má fojú ìlú àwọn àgbẹ̀ tó jókòó jẹ́jẹ́ wò ó. Ibùdó ogun tó di ìlú ni, ẹrú àti ìkógun sì ni ọrọ̀ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà, torí ọ̀nà ló ń pinnu ohun tó lè wà nínú ilé. Láti Èkó, odò Ògùn ni wọ́n ń tọ̀ nínú ọkọ̀ àjẹ̀ títí dé ẹ̀bá Abẹ́òkúta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi a fà, ọkọ̀ a há sórí iyanrìn, àwọn atukọ̀ a sọ̀ kalẹ̀ máa tì í. Láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, ẹsẹ̀ ni, bíi kìlómítà 75, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta fún ẹni tó ru ẹrù. Ẹni tó bá lókun a gun ẹṣin. Aláìsàn a dùbúlẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá, àwọn ọkùnrin méjì a fi èjìká gbé e, àwọn méjì mìíràn a máa tẹ̀ lé wọn láti gbà á nígbà tó bá rẹ̀ wọ́n. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kò sí, ọ̀nà kò sì gba kẹ̀kẹ́. Nítorí náà, ohun tí orí kan kò bá lè rù, kò lè dé Ìbàdàn. Àpótí tí wọ́n fi ìfẹ́ dì ní England, tó wúwo ju bí alárù kan ṣe lè gbé lọ, Èkó ló máa wà, tàbí kí wọ́n tú u ká ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tún un dì. Ibi tí ẹrù ti ń sọnù nìyẹn. Títí dòní, ẹni tó bá ń di ẹrù ránṣẹ́ sí ìdílé míṣọ́nnárì, kó béèrè lọ́wọ́ wọn báwo ni ẹrù ṣe ń rin ibùsọ̀ tó kẹ́yìn kó tó lọ ra àpótí.

Kò tán síbẹ̀. Oníbodè wà lẹ́nu ibodè kọ̀ọ̀kan, owó bodè sì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìṣirò ní London.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni ìdílé tó wá láti ilẹ̀ mìíràn ti máa ń kọ́kọ́ kọsẹ̀. Owó ẹyọ ni ìlú ń ná. Wọ́n a lu ìdí ẹyọ, wọ́n a sín in sókùn: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, èyí tó jẹ́ 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000 ẹyọ. Àpò tí wọ́n ń kó o sí ló fún iye náà lórúkọ. Ọ̀kẹ́ kan, ẹrù èèyàn kan ni. Ẹ wá wò ó: bí ẹ bá fẹ́ gbé ọ̀kẹ́ mẹ́wàá láti Abẹ́òkúta wá sí Ìbàdàn, alárù mẹ́wàá lẹ máa bẹ̀, ẹyọ tó wà lórí wọn náà lẹ sì máa fi san owó wọn, lẹ máa fi bọ́ wọn lọ́nà, lẹ máa fi san owó bodè. Owó náà ń jẹ ara rẹ̀ bó ṣe ń rìn ni.

Èyí tó tún burú jù ni pé ẹyọ kò dúró sójú kan. Ẹyọ kéékèèké tó ti erékùṣù Maldives wá ni àwọn èèyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1840 sí 1850, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó ẹyọ ńláńlá wọlé láti apá Zanzibar. Ó tóbi, ó wúwo, ó sì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Bí ẹyọ ṣe ń pọ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹni tí wọ́n ṣírò owó oṣù rẹ̀ ní pọ́n-ùn àti ṣílè ní London, ẹyọ tí pọ́n-ùn kan máa fún un lónìí yàtọ̀ sí ti ọdún tó ń bọ̀, iye alárù tó máa rù ú sì yàtọ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba náírà n'ílé tí ẹ sì ná sẹ́fà ní Cotonou tàbí Niamey, ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún yín. Sẹ́fà rọ̀ mọ́ owó Yúróòpù ní 655.957 sí ẹyọ owó Yúróò kan, kì í yẹ̀. Náírà ló ń yẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ rán ìdílé kan lọ, kó ṣírò owó wọn ní owó ibi tí wọ́n máa ti ra gaàrí, kì í ṣe ní owó ibi tí wọ́n ti ń gba ọrẹ.

Ó yá, ilé. Ní Àgbádárìgì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí CMS parí ní 1845, ohun èlò òkèèrè pọ̀ nínú rẹ̀, torí etí omi ni, ọkọ̀ lè já ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀. Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé amọ̀ ará ìlú, tí wọ́n fi koríko bò, ni tọkọtaya náà kọ́kọ́ gbé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ tiwọn sórí òkè Kúdẹtì, amọ̀ náà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì amọ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn ṣì ń tọ́ka sí pé òun ni àkọ́kọ́ nílùú.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ amọ̀ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré. Wọ́n a gbẹ́ amọ̀, wọ́n a bu omi sí i, wọ́n a fẹsẹ̀ gún un, wọ́n a fi í sílẹ̀ kó rà, wọ́n a tún un gún. Ìpele kan kì í ga ju orúnkún lọ tàbí kó lé díẹ̀. Wọ́n a fi í sílẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bí wọ́n bá kánjú, tí ìsàlẹ̀ kò tíì gbẹ, ògiri a wú níkùn, a sì ya. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kọ́lé, láti ìgbà tí òjò bá ti dá títí di oṣù Kejì, òrùlé sì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ kí ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Òyìnbó tó gúnlẹ̀ ní oṣù Kẹrin, bíi ti àwọn wọ̀nyí, ti pẹ́ jù fún ọdún yẹn nìyẹn. Ó di dandan kó gbé nínú ilé ẹlòmíràn títí òjò fi máa dá. Ìyẹn kì í ṣe ìjìyà o. Àǹfààní ni. Ẹni tó bá lo òjò kan nínú ilé tí ará ìlú kọ́ ni yóò rí ibi tó ń jò àti ìdí tó fi ń jò kó tó kọ́ tirẹ̀.

Ohun méjì ló máa ń ba ilé tí àlejò kọ́ jẹ́. Ọ̀kan ni fèrèsé. Àlejò fẹ́ afẹ́fẹ́, ó fẹ́ fèrèsé gbàràmù gbàràmù. Amọ̀ kò lè gbé ara rẹ̀ lórí ihò ńlá, àfi kí wọ́n fi igi líle ṣe àtẹ́rígbà rẹ̀, kí igi náà wọnú ògiri dáadáa lọ́tùn-ún lósì. Bí igi bá kúrú, ògiri a là láti igun fèrèsé lọ sókè. Ìkejì ni ìdí ògiri. Omi tó ń kán láti orí òrùlé máa ń ta sí ìdí ògiri, a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí eku. Ìdí tí àwọn baba wa fi ń fa òrùlé jáde sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe torí òjìji nìkan. Ti pákó òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tún yàtọ̀: ikán ń bẹ, nítorí náà bí kò bá jẹ́ ìrókò tàbí igi mìíràn tí ikán ń sá fún, ọdún díẹ̀ ni yóò fi di ìyẹ̀fun. Koríko orí òrùlé sì ń fẹ́ iná nígbà ọyẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wá òkè gan-an? Ìgbàgbọ́ ìgbà yẹn ni pé afẹ́fẹ́ búburú tó ń jáde láti inú ẹrọ̀fọ̀ ló ń fa ibà. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó fi hàn ní India pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé. Òkúta tí wọ́n fojú ìgbàgbọ́ òdì jù kàn ba ẹyẹ díẹ̀, torí òkè a máa fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ̀fọn a sì dín kù. Ṣùgbọ́n ó kàn dín kù ni, kò tán.

Ibà ni ó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyàwó Gollmer, míṣọ́nnárì CMS kan, kú ní Àgbádárìgì ní 1845, ọdún tí wọ́n dé náà. Kefer, ará Jámánì tó wá ran Hinderer lọ́wọ́ n'Íbàdàn, kú ní 1855. Oògùn wà o. Ní 1854, dókítà kan tó ń jẹ́ Baikie kó òyìnbó méjìlá wọ odò Ọya nínú ọkọ̀ *Pleiad*, Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ náà, ó ń fún wọn ní kuníìnì kí ibà tó mú wọn, gbogbo àwọn méjèèjìlá ló padà láàyè. Ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n a dúró kí ibà dé kí wọ́n tó gbé oògùn mì, tàbí kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, èyí tó ń yá ikú lẹ́sẹ̀. Anna fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ibà ní gbogbo ọdún tó fi wà níbẹ̀. Kò kú, àmọ́ kò gbádùn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ọmọ Yorùbá yàtọ̀ díẹ̀. Àwa rò pé ibà ti mọ̀ wá. Àgbàlagbà tó dàgbà nílé ní agbára díẹ̀ lára sí i, lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára yẹn kì í dúró bí èèyàn bá kúrò níbi tí ẹ̀fọn ibà wà fún ọdún bíi mélòó kan. Ọmọ tí ẹ bí tàbí tọ́ ní Nairobi tàbí ní London kò ní in rárá. Nígbà tí ẹ bá mú un wá sílé fún ìsinmi, bí àlejò ni kí ẹ ṣe tọ́jú rẹ̀: àwọ̀n ẹ̀fọn, oògùn ìdènà, àyẹ̀wò lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá gbóná, kì í ṣe ọjọ́ kẹta. Ti káàdì ibà pọ́njú náà: abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un, àmọ́ láti 2016 ó ti di ti gbogbo ayé ẹni, wọn kì í tún un gún lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá mọ́. Wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ ìdílé dúró ní ẹnu bodè torí pé ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n gbéra ni wọ́n lọ gún abẹ́rẹ́.

Èdè wá ńkọ́? Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó tún tẹ gírámà ní 1852. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ìwé kò ní ohùn ṣá. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣubú. Nínú èdè tirẹ̀, bó bá ń béèrè ìbéèrè, ohùn rẹ̀ a máa gòkè ní ìparí gbólóhùn. Ó fẹ́ béèrè pé "Ṣé o rí ọkọ̀?" Ohùn rẹ̀ gòkè bí àṣà, ó di "Ṣé o rí ọkọ́?" Ará Ìbàdàn tó ń wá ọkọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ gbé ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko wá. Kò sí aṣiṣe nínú ìwé rẹ̀. Etí rẹ̀ ni kò tíì gbọ́ pé ohùn jẹ́ ara ọ̀rọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe kí ó tún ka ìwé. Kó kọ́kọ́ fi imú kọ orin ọ̀rọ̀ náà láìpe fáwẹ́lì, re-dò, re-mí, kó tó fi ẹnu sí i. Ọmọdé ló mọ̀ ọ́n kọ́ni jù, torí ọmọdé yóò rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Àgbàlagbà a máa bọ̀wọ̀ fún àlejò, a ní "ẹ kú ìgbìyànjú", àlejò a sì máa bá àṣìṣe rẹ̀ lọ fún ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tó yẹ ká fi kún un: ọmọ Jámánì ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́, bí àwa náà ṣe ní "ẹ" àti "o". David kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé a kì í pe Baálẹ̀ ní "ìwọ". Anna ló ní láti kọ́ ọ, torí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ gbogbo ènìyàn di ọ̀kan.

Bí ẹ bá ń lọ sí àárín àwọn Fúlàní, ọ̀nà mìíràn ni àwa náà yóò gbà ṣubú. Ohùn wa kò ní wúlò níbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ìparí rẹ̀ ló ń yí padà bí ó bá ti di púpọ̀: ẹnì kan ni Pullo, ọ̀pọ̀ ni Fulɓe. Ọmọ Yorùbá tó ń wá "àwọn" tó máa fi síwájú ọ̀rọ̀ yóò wá a títí.

A ti dé ibi tí ọkàn ọ̀rọ̀ wà: àwọn tó ń gbé inú ilé náà. David àti Anna kò bímọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n wọ Ìbàdàn, ọmọ ti wà nílé. Olúbí, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Abẹ́òkúta, bá wọn wá láti máa ṣiṣẹ́ ilé. Ìjòyè Olúnlọ́yọ̀ mú ọmọ rẹ̀ méjì wá, Yéjídé àti Akínyẹlé. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ tí wọ́n rà padà kúrò lóko ẹrú. Àwọn ọmọ náà ń pe Anna ní "Ìyá".

Orúkọ yẹn wúwo ju bí àwọn òyìnbó tó ń ka lẹ́tà rẹ̀ ní Lowestoft, ní England, ṣe lè mọ̀. Nínú ìlú ológun tí wọ́n ti ń wọn ènìyàn nípa agbo ilé rẹ̀, obìnrin tí kò bímọ, tí kò ní ìyakọ, tí kò ní orogún, kò ní ibi tó máa jókòó sí láwùjọ. Nígbà tí ó di "Ìyá", ìlú rí ibi tó jókòó sí. Ìjòyè tó fi ọmọ sílé ẹni ti di àna ẹni tàbí ohun tó jọ ọ́. Bí a bá fẹ́ bú ilé yẹn, a ó ro ti Olúnlọ́yọ̀ mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ London kò san kọ́bọ̀ kan fún Anna, ọkọ rẹ̀ nìkan ni òṣìṣẹ́ lójú wọn. A gbà pé iṣẹ́ tí Anna ṣe nínú ilé yẹn, ìránṣọ, ìwé kíkà, fífọ egbò ọmọ, ló fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà múlẹ̀ ju ìwàásù lọ.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn o. Ọ̀dọ́bìnrin tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nílé ìwé, tó padà sílé tó ní òun kò bọ òrìṣà mọ́, àwọn ẹbí a nà án, wọ́n a dè é mọ́lẹ̀. Àwọn ará ilé rí i pé àlejò ń gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, ẹjọ́ wọn kò sì ṣòfo pátápátá. Ìdílé tó bá ń gba ọmọ ọlọ́mọ sílé nílẹ̀ òkèèrè lónìí, kí òbí ọmọ náà mọ ọ̀nà ilé wọn bí ẹni mowó, kí ó lè wọlé nígbàkígbà láìkan ilẹ̀kùn. Ní ti ọmọ tiyín, CMS ìgbà yẹn ní ilé kan ní London tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ míṣọ́nnárì sí. Ọmọ a wà níbẹ̀, òbí a wà ní Áfíríkà, ọdún a máa gorí ọdún. Àwa kò gba ìdílé kankan ní ìyànjú pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ́. Aláàfin Àtìbà ti wàjà ní 1859, Àdélù ọmọ rẹ̀ jọba, Kúrunmí ti Ìjàyè ní òun kò gbà, torí àṣà ni pé Àrẹ̀mọ máa ń bá ọba kú. Ìbàdàn dúró lẹ́yìn Àdélù. Ẹ̀gbá gbè Ìjàyè. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ti Ìjẹ̀bú náà dí. Ìjàyè fọ́ ní 1862, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò tán títí di 1865. Ọdún márùn-ún gbáko. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún wá sọ Èkó di tiwọn ní 1861, gbogbo òyìnbó tó wà lókè di ẹni tí wọ́n ń fura sí.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: owó wà ní Èkó, ebi wà n'Íbàdàn. Owó oṣù Hinderer kò dúró ní London, wọ́n ń san án. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn tó wà nínú ìwé kò di ẹyọ bí kò bá sí alárù, alárù kò sì lè kọjá. Ṣúgà tán, tíì tán, ìyẹ̀fun tí wọ́n ti ń bá kòkòrò du ti tán tipẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun èlò ilé. Ẹ kò ní mọ ohun tó tà jù: agolo òfìfo. Agolo tí wọ́n ti jẹ ohun inú rẹ̀ tán, páànù tí wọ́n fi tẹ́ inú àpótí kí omi òkun má baà wọ aṣọ, ìyẹn di ọjà gidi, torí ará ìlú mọ ohun tó máa fi ṣe. Ẹ̀wà tí wọ́n fi epo àti ata sè di oúnjẹ ilé náà. Ẹnu ọmọ tó wà nílé kò dín kù.

Ohun tó gbé wọn dé òpin ogun náà, inú ìlú ló ti wá: àwìn, ẹ̀bùn, ènìyàn tó mọ̀ pé wọn kò ní sá lọ ní òru. Àwìn kò ṣeé kó sínú àpótí láti England. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń ra ọjà kí ogun tó bẹ́, tí wọ́n ń san owó wọn láìfi ọ̀la ṣe ọ̀la, tí wọ́n ń lọ síbi òkú àti ibi ìkómọ, òun ni wọ́n ń jẹ lọ́dún 1862 láìmọ̀. Ẹni tó bá ti ń ra gbogbo nǹkan láti òkèèrè, tí ẹnikẹ́ni lọ́jà kò mọ̀, tí ó ń san owó lójú ẹsẹ̀ tó sì ń yára wọlé, tirẹ̀ yóò nira lọ́dún tí ọ̀nà bá dí. Èyí ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìdílé tí bodè Benin àti Niger tì mọ́ ní 2023 àti 2024: àwọn tó ní oníbàárà lọ́jà jẹun.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kò pọ̀. Ẹ yan ìyá olóńjẹ kan, alágbàdo kan, ẹlẹ́ran kan, kí ẹ má ṣe máa pààrọ̀ wọn torí pé ẹlòmíràn dín iye kù. Ẹ ra díẹ̀ lójoojúmọ́ dípò kí ẹ máa kó ti oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa lọ rà á. Ẹ gba àwìn kékeré kan tí ẹ kò nílò, kí ẹ sì san án ṣáájú ọjọ́ tó dá. Ìgbìmọ̀ tó rán yín lè má fẹ́ràn èyí tó kẹ́yìn yìí, torí ìwé ìṣirò wọn kò ní ojú ibi tí wọ́n máa kọ ọ́ sí.

Ní 1865, Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán àwọn èèyàn wá, wọ́n gbé Anna gba inú igbó lọ sí Èkó, torí ara rẹ̀ ti bàjẹ́ púpọ̀. David tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọ́n padà wá, ẹ̀yin ará. Wọ́n wà n'Íbàdàn nígbà tí Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, ìfọ́lé tí gbogbo wa ń gbọ́, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ọdún 1869 ni wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Anna kú ní Norfolk ní oṣù Kẹfà ọdún 1870.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sí òyìnbó míṣọ́nnárì kankan tó ń gbé Ìbàdàn. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ti wà nílẹ̀, Kúdẹtì, Aremọ àti Ògùnpa. Olúbí, ọmọ ọ̀dọ̀ ọjọ́ kìíní, ló di àlùfáà tó ń darí wọn, títí wọnú ogun Èkìtìparapọ̀. Yéjídé ọmọ Olúnlọ́yọ̀ fẹ́ Robert Oyèbọ̀dé, ọmọ ilé yẹn náà tó di òjíṣẹ́ ìjọ. Ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan wà n'Íbàdàn lónìí tó ń jẹ́ orúkọ Yéjídé.